Ẹ Má Fi Ojú Yín Polówó Ohun Tí Ẹ Kò Mọ Ìdí Rẹ̀

Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2025, èrò ya bo ọ́fíìsì kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Wọ́n ń gbé àga, wọ́n ń gbé ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá ṣáà ti bà. Ọ́fíìsì CBEX ni. Owó tí àwọn ènìyàn ti ń wò lójú fóònù pé ó ń lé sí i lójoojúmọ́ ti di òdo, wọn kò sì rí ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Fídíò ọjọ́ náà tàn ká, gbogbo wa la wò ó. Àmọ́ ohun tó burú jù nínú ọ̀ràn yẹn, kámẹ́rà kò ká a. Inú yàrá ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ìyá ti ń bi ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n ń bi àbúrò pé: "Ìwọ lo ní kí n fi owó síbẹ̀. Owó mi dà?"

Ìkìlọ̀ ni mò ń kọ yìí, kì í sì í ṣe àwọn gbájú-ẹ̀ ni mò ń kọ ọ́ sí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ìkìlọ̀ kò lè dá wọn dúró. Ẹ̀yin tí wọ́n ń lò ni mò ń bá wí: ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà lórí WhatsApp àti Facebook láti ìgbèríko Ìbàdàn, ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ọ̀nà-Àrà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe POS lẹ́bàá títì tí gbogbo abúlé mọ̀ yín bí ẹni mowó. Ẹ dẹ́kun fífi ojú yín polówó ohun tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ dẹ́kun rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí CBEX ṣèlérí. Bí o bá fi owó sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ọjọ́, yóò di ìlọ́po méjì. Wọ́n ní ẹ̀rọ AI kan ló ń bá àwọn ṣòwò kírípítò. Iṣẹ́ tí oníbàárà ní láti ṣe kò ju pé kí ó dúró de kóòdù nínú gúrúùpù ní àkókò tí wọ́n dá, kí ó gbé e sínú áàpù, kí ó tẹ bọ́tìnnì, kí ó sì máa wo bí owó ṣe ń gòkè. Sogúndogójì ni àwọn baba wa ń pe irú rẹ̀. Àjọ SEC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò ní Nàìjíríà, sọ pé òun kò forúkọ wọn sílẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀kùn sì tì, wọ́n tún ní kí àwọn tí owó wọn há san dọ́là 100 tàbí 200 sí i, pé ìgbà náà ni àwọn yóò tó mọ ẹni tó jẹ́ ènìyàn gidi. EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, sọ níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábùjá pé owó tó bá ọ̀ràn náà lọ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Kì í ṣe pé a kò rí irú rẹ̀ rí. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni MMM, sogúndogójì mìíràn, ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lójú, nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ díẹ̀. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ni ìlérí tiwọn. Àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Ẹni jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́sàn-án tí ará yòókù fi dà sínú kòtò kan náà. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé ojúkòkòrò ló fà á, tàbí àìmọ̀wé. Ojúkòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ebi náà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó kàwé gboyè wà lára àwọn tó kó sí i. Ohun tó tún mú àwọn ènìyàn padà wọ kòtò náà ni pé ẹni tó dúró létí rẹ̀ tó ń pè wọ́n kì í ṣe àlejò.

Ibẹ̀ gan-an ni agbára àwọn oníṣẹ́ yìí wà. Àgbẹ̀ tó wà ní abúlé lẹ́yìn Àrùlógun kò mọ CBEX, kò sì ní gbé kọ́bọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ìwọ ló mọ̀. Ó mọ baba tó bí ọ, ó wà níbi ìsọmọlórúkọ rẹ, ó ti bá ìyá rẹ ra ọjà àwìn rí. Bí wọ́n bá gbé pátákó ńlá sí oríta Mọníyà, á kàn kọjá lọ sí oko rẹ̀ ni. Bí ìwọ bá gbé e sórí status, á dúró. Àwọn tó ń ṣe ìpolówó yìí mọ èyí ju bí ìwọ fúnra rẹ ti mọ̀ ọ́n lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi náwó sórí pátákó ní abúlé. Ojú rẹ ni wọ́n ń wá.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọbìnrin kan ń ta ẹlúbọ́ àti epo pupa ní Ìyànà Ọ̀fà. Láàárọ̀, á gbé àwòrán ọjà rẹ̀ sórí status: láfún tó funfun báláú, kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25, iye tí ó ń tà á, nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Bódìjà àti l'Ékòó á dá a lóhùn. Kò fi nǹkan kan lú epo rí, kò sì ta ẹlúbọ́ tó ti hu fún ẹnikẹ́ni rí. Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni orúkọ rẹ̀ ṣe gbilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn àwòrán epo, àwòrán mìíràn yọ: álẹ́ẹ̀tì báńkì, owó ńlá, ọpẹ́ Olúwa sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá kan tí wọ́n jọ ń dá àjọ rí i lójú fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó pè é.

"Ọmọ mi, kí ni mo rí lórí fóònù rẹ yẹn?"

"Iṣẹ́ tuntun kan ni, mà. Owó mi ló jáde."

"Ṣé kì í ṣe irú ti ìjọ́sí, tó kó owó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ?"

"Rárá o, mà. Èyí yàtọ̀. Ẹ má fòyà, èmi náà wà níbẹ̀."

Èmi náà wà níbẹ̀. Kò sí orin orí rédíò, kò sí òṣèré fíìmù tó lè ṣe iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn ṣe. Ìyá yìí ti gba àjọ rẹ̀, ó ti fẹ́ fi owó náà ra igi ẹ̀gẹ́, kó sì san owó àwọn tó máa bá a kọ ebè. Ó gbé e fún ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà ló bá a ṣí àkáǹtì sórí áàpù, pẹ̀lú í-meèlì tí ìyá kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí. Òun náà ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Lójú ìyá yẹn, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó ń ta ẹlúbọ́ fún un ló gbé owó fún. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, kò ní wá CBEX lọ sí ibikíbi. Ìyànà Ọ̀fà ni yóò forí lé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùpolówó kì í dúró rò. Owó tó jáde fún ọ, tí o ya àwòrán rẹ̀, níbo ló ti wá? Kò sí oko tó hù ú, kò sí ọjà tí wọ́n tà. Owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn rẹ ni. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ san owó àwọn àkọ́kọ́ pé, láìfi falẹ̀, nítorí pé àwòrán álẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé "wọ́n sanwó fún mi, ojú mi ló ṣe" kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò fi hàn pé iṣẹ́ náà jẹ́ òótọ́. Owó ìpolówó ni wọ́n san fún un, ó pè é ní èrè. Bí ìyá aládàjọ yẹn bá sì ti wọlé, owó igi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló máa di álẹ́ẹ̀tì tí ọmọbìnrin náà yóò tún ya lóṣù tó ń bọ̀ láti fi pe ẹlòmíràn.

Kọmíṣọ́ọ̀nù orí ènìyàn tún wà lórí rẹ̀. Mú ẹnì kan wá, gba nǹkan; kí ẹni yẹn náà mú ẹlòmíràn wá, tún gba nǹkan. Ẹ bi ara yín léèrè: ilé-iṣẹ́ tó mọ òwò tó ń sọ ogún di ogójì lóṣù kan, kí ló fẹ́ fi owó ebè ìyá arúgbó Akanran ṣe? Ìbá yá owó ní báńkì, kó san èlé rẹ̀, kó sì máa dá jẹ èyí tó kù. Ẹni tó bá ní òun ó dá aṣọ fún ọ, tọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀yin baálẹ̀ wa, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àáfà, ọ̀wọ̀ yín wà lórí mi, ṣùgbọ́n n kò ní rọ èyí lójú. Wọ́n ń lo ẹ̀yin náà, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà lò yín mọ́ tónítóní ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Wọ́n á wá kí yín pẹ̀lú páálí ọtí àti àpò ìrẹsì, wọ́n á ní ìdàgbàsókè ni àwọn fẹ́ mú wọ ìlú. Ọmọkùnrin kan á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa ya fọ́tò. Kí mọ́tò wọn tó dé títì ọlọ́dà, fọ́tò náà ti wà lórí Facebook: baálẹ̀ nínú agbádá, ó di ọ̀gá wọn lọ́wọ́ mú, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń sọ pé ìlú ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ wọn. Ẹ kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan. Ẹ kò rí ìwé wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì, fọ́tò yín ni wọ́n á nà sí i lójú. Ìwé àjákọ tí wọ́n ń pín níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àga tí wọ́n kó wá sí ilé ìjọsìn pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀. Owó díẹ̀ ni wọ́n ná, orúkọ gbogbo ìlú ni wọ́n gbé lọ.

Ẹ lè gba àlejò láì gba fọ́tò. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí kámẹ́rà láàfin lónìí, kí wọ́n kó ìwé wọn wá, kí akọ̀wé ìlú àti ọmọ ìlú tó jẹ́ lọ́yà wò ó. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú iṣẹ́ gidi á padà wá. Àwọn yòókù kì í padà.

Ìwé CAC tí wọ́n máa ń gbé sójú fóònù kò tó nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. CAC ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó ń rán aṣọ náà lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú. SEC ló ń fúnni ní ìyẹn, Báńkì Àpapọ̀ ló sì ń fún báńkì láṣẹ. Orúkọ àwọn tí SEC fún láṣẹ wà lórí ìkànnì rẹ̀ fún gbogbo ayé láti wò. Ẹni tó ní dátà tó fi ń gbé fídíò sórí status ní dátà tó lè fi wo ibẹ̀.

Mo ní láti sọ ti ilẹ̀, nítorí agbègbè wa gan-an ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń la ọ̀nà àyíká Ìbàdàn, ọ̀nà kìlómítà 110 tí wọ́n fi sọrí Rashidi Ladoja tó gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní 2025, oko ti di ọjà orí fóònù. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó ń dé Mọníyà láti 2021 dá kún un. Wọ́n á rán kámẹ́rà tó ń fò sókè, á ya igi ọ̀pẹ àti oko kòkó láti ojú sánmà, wọ́n á kó orin sí i, wọ́n á kọ orúkọ òyìnbó sórí ibi tí àwọn ará abúlé ń pè ní orúkọ baba tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹni tó sì máa ń dúró níwájú kámẹ́rà, tó ń nawọ́ sí ọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ abúlé náà ni. Kò rí ìwé sọ́fè ilẹ̀ yẹn rí. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀ka ìdílé méjèèjì ló fọwọ́ sí i. Kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà wà nínú èyí tí ìjọba ti gbà. Ohun tó mọ̀ ni iye tí wọ́n máa fún un lórí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù wo fídíò yẹn. Ó gbọ́ ohùn, ó mọ̀ pé ohùn ará Lágelú ni, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó fi owó ránṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó wálé, ó bá ilé ẹlòmíràn lórí ilẹ̀, tàbí ó bá àmì àwọ̀ pupa tí ìjọba kọ sára ògiri. Ta ni yóò mú? Ilé-iṣẹ́ náà ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó rẹ́rìn-ín nínú fídíò ló rí, nítorí ojú rẹ̀ kò yí padà. Àwọn àgbààgbà ìdílé tó ni oko náà ń wá a, pé òun ló ta ilẹ̀ baba àwọn fún àlejò. Ilé méjì ló ń lé ọmọ kan ṣoṣo, nítorí iṣẹ́ ìpolówó tí kò gbà ju owó ọkọ̀ àti kọmíṣọ́ọ̀nù díẹ̀ lọ. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà ní Sẹkiteríàtì ní Agodi, wọ́n sì lè sọ bí ilẹ̀ kan ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ya fídíò rẹ̀. Sọ́fíyọ̀ tó mọṣẹ́ á mú nọ́ńbà ilẹ̀ náà, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́ sórí ilẹ̀ ìjọba. Bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ bá kọ̀ kí o ṣe èyí, sọ kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ fún un.

Ti oògùn kò gùn. Ẹ má fi ojú yín ta àgbo a-wo-gbogbo-àrùn tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Èyí tó ní nọ́ńbà náà ńkọ́? Ìpolówó rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC lọ́tọ̀. Ẹni tó bá tìtorí status rẹ dá oògùn ìfúnpá rẹ̀ dúró, owó kankan kò lè dá a padà.

Ẹ má sì rò pé òfin kò rí yín nítorí pé ẹ wà lóko. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ l'Ábùjá fún EFCC láṣẹ láti mú ènìyàn mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ CBEX. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ ẹni tó jẹ̀bi, èmi kò lè sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo orúkọ tí EFCC fi pè wọ́n: olùgbélárugẹ. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe lórí status nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiyín kéré. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún náà, kí CBEX tó wó, fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà lélẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe sogúndogójì. SEC sì ti kìlọ̀ pé òun kò ní fojú fo àwọn tó ń bá wọn polówó rẹ̀ lórí ayélujára. Òfin ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, ti 2022 náà wà nílẹ̀, tó sọ pé ìpolówó tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ará Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ àwọn alàyẹ̀wò kọjá. Lọ́dún yẹn kan náà, ARCON gbé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lọ ilé ẹjọ́, ó ń béèrè bílíọ̀nù 30 náírà. Àjọ tó lè bá Meta fà á kò ní ṣàánú ẹni tó ń ṣe POS ní Olódò.

Ẹ má gbọ́ mi lódì. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má polówó. Fóònù ti ṣe ohun tí ọ̀pá ìwọ̀n àwọn alágbàtà kò jẹ́ kí àgbẹ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹni tó ń sin ẹja ní Àjíà lè ta á fún ilé oúnjẹ ní Bódìjà láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń ṣe gàrí ní Ẹ̀rúnmu lè mọ iye tí wọ́n ń tà á l'Ékòó kó tó di ẹrù. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Ọjà tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe, tí o lè gbé fún ènìyàn lójúkojú, tí o lè gbà padà bí kò bá dára, polówó rẹ̀ tòsán tòru. Ṣùgbọ́n ojú kan náà, orúkọ kan náà tó ń ta gàrí ni wọ́n fẹ́ fi ta irọ́. Ọjọ́ tí irọ́ bá tú, gàrí náà kò ní tà mọ́. Àwọn oníbàárà kì í yà á sọ́tọ̀ pé ti gàrí nìyí, ti àwọn ẹni ibi nìyẹn. Wọ́n kàn máa ń pa nọ́ńbà rẹ rẹ́ ni.

Ẹ tún mọ̀ pé wọn kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ yín mọ́. AI ti lè mú fọ́tò tí ẹ gbé sórí Facebook àti ohùn yín nínú fídíò kan, kí ó ṣe fídíò mìíràn jáde níbi tí ẹ ti ń sọ ohun tí ẹ kò sọ rí. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má dákẹ́ pé àwọn ènìyàn yóò mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí status, ẹ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín gan-an.

Akanran tí mo dárúkọ lókè yìí kan náà ni Tafa Adéoyè ti kó àwọn àgbẹ̀ jọ ní ìgbà ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 àti 1969. Wọ́n ní àwọn kò ní san owó orí tí àwọn kò rí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ̀mí bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ojú pọ́n wọn, ṣùgbọ́n wọ́n bi ìjọba tó ní ọlọ́pàá àti ìbọn léèrè: kí lẹ ń fi owó wa ṣe? Àwọn tí kò kàwé pọ̀ ló béèrè ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ kò lè bi ọmọ ayé kan tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà kí ẹ tó bá a kó owó àwọn àgbà yín lọ? Ẹ béèrè ibi tí èrè ti ń wá. Ẹ béèrè ẹni tó fún wọn láṣẹ, kí ẹ sì lọ wò ó fúnra yín. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n wà tí ilẹ̀ bá mọ́ tí owó kò bá jáde. Bí wọ́n bá dáhùn pé ẹ máa ń béèrè jù, tàbí pé àyè ti fẹ́ tán, ẹ ti gba èsì.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà pàdánù owó, ẹ kò sì ní í lọ́kàn láti ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Síbẹ̀, ẹ má yí nọ́ńbà padà, ẹ má sì sá lọ sí Èkó. Ẹ lọ bá àwọn tí ẹ mú wọlé nínú ilé wọn, kí wọ́n tó wá bá yín. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n tàbí àgbà kan dání, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn láìbo ohunkóhun. Kọmíṣọ́ọ̀nù tí ẹ gbà lórí wọn, ẹ dá a padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Owó wọn ni. Lẹ́yìn náà ẹ kó ẹ̀rí jọ: nọ́ńbà àkáǹtì tí owó wọlé sí, orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ àti iye, nọ́ńbà fóònù àwọn alákòóso gúrúùpù, àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Ẹ jọ kọ ẹ̀sùn kan pọ̀, kí ẹ sì jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Ìyágankú. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí bí alákòóso bá ti pa gúrúùpù náà rẹ́, èyí tí ẹ kò bá yà sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, ẹ kò ní rí i kà mọ́.